Lẹ́yìn Tí Èrò Ti Lọ

Ẹni tó bá mọ Richmond, lẹ́bàá Houston níbí, á mọ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ òkè níbẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ohun tó ga jù ládùúgbò wa ni afárá tí wọ́n gbé ọ̀nà 99 gbà lórí ọ̀nà 59. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi kì í mọ ibi tí yóò gbà, odò Brazos á kún, kálukú á sì máa yọjú wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìdànrè ni mí. Ní ìlú bàbá mi, bí o bá jí láàárọ̀ tí o ṣílẹ̀kùn, àpáta ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Mo ti gbé ní Richmond tó ọdún mẹ́fà kí n tó mọ̀ pé ojú mi ń wá nǹkan kan tí kò rí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ifẹ̀ ni mo ti kàwé gboyè. Mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ l'Ákùúrẹ́, mo ṣe ìdánwò NCLEX, mo sì dé Texas ní 2017. Ẹ̀ka ICU ni mo wà ní ilé ìwòsàn kan láàárín Houston, iṣẹ́ alẹ́. Wákàtí méjìlá lórí ìdúró, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, mẹ́rin bí owó ilé bá ń lé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ojú wa rí ní 2020 àti 2021, mi ò ní tún un sọ. Nígbà tó fi máa di 2022, mi ò lè sùn mọ́, ẹ̀yìn ń ro mí, inú sì ń bí mi sí àwọn èèyàn tí kò ṣẹ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo, ló fi tipátipá mú mi lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń gun ògiri.

Mo ní, "Gun ògiri kẹ̀? Ṣé alángbá ni mí ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bouldering ni wọ́n ń pe eré náà. Kò lo okùn. Àpáta tí kò ga púpọ̀ ni wọ́n ń gùn, tàbí ògiri tí wọ́n ṣe bí àpáta. Wàá tẹ́ tìmùtìmù tó nípọn sísàlẹ̀, ẹnìkejì rẹ á na ọwọ́ méjèèjì sókè láti darí rẹ bí o bá ń já bọ̀, ìwọ á sì fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá bí wàá ṣe dé òkè. Wọ́n ń fi pọ́dà funfun pa ọwọ́ kí òógùn má baà mú kó yọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo ní, "Ẹfun rèé o!" Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ló ń jẹ́ ẹfun. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Mo já bọ́ lọ́jọ́ yẹn títí ìdí fi ń dùn mí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi láti ọjọ́ pípẹ́. Bí o bá wà lórí ògiri, tí ìka mẹ́ta péré ló dì ọ́ mú, o ò lè máa ro owó ilé. O ò lè máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ inú yàrá kẹjọ. Ibi tí ẹsẹ̀ òsì máa lọ nìkan lo máa rò. Mo délé, mo wẹ̀, mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Báyìí ni mo ṣe ń padà lọ.

Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. Orúkọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí. Ẹnu tèmi ò gbà á. "Bàbá" ni mò ń pè é, ó sì ń dáhùn. Lóru ọjọ́ kan, nǹkan bí aago mẹ́ta, mo ń bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ó rí àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti le koránkorán.

Ó ní, "Àpáta lò ń gùn."

Mo ní, "Ògiri ni, Bàbá. Àpáta wo ló wà ní Houston?"

Ó fà àga kan súnmọ́ mi. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ nípa Hueco Tanks.

Ní ìpẹ̀kun Texas lọ́hùn-ún, lẹ́bàá El Paso, òkè àpáta kan wà láàárín aṣálẹ̀. Bàbá ní láàárín 1990 sí 1998, kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí ẹni tó ń ṣe eré yìí máa fẹ́ wà nígbà òtútù. Nígbà tí yìnyín bá bo àpáta ilẹ̀ Yúróòpù, oòrùn á máa ràn ní Hueco. Àwọn èèyàn ń wá láti Switzerland, láti Faransé, láti ibi gbogbo. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan wà lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pàgọ́ sí, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san. Bàbá ní ẹ̀wà inú agolo lòun ń jẹ fún oṣù mẹ́ta, òun ò sì tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Sherman ti ṣe ìwọ̀n tí gbogbo Amẹ́ríkà fi ń sọ bí gígun kan ṣe le tó, tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1991. Lẹ́tà V ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí Vermin ni ìnagijẹ rẹ̀. V0 ló rọrùn jù. Lónìí wọ́n ti kà á dé V17. Láti inú aṣálẹ̀ yẹn ni lẹ́tà yẹn ti jáde tó fi dé ara ògiri tí èmi ń gùn.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba Texas dé. Ní 1998 wọ́n ṣòfin pé àádọ́rin èèyàn péré ló lè wà lórí òkè àríwá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òkè yòókù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá wọ ibẹ̀ láìsí ẹni tó máa mú un lọ. Èrò túká. Ọ̀pọ̀ kọjú sí Bishop ní California. Bàbá náà kó ẹrù rẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ó yẹ kó o rí i nígbà yẹn. O ti pẹ́ jù. Ibẹ̀ ti kú."

Ẹ̀rọ yàrá kan ké, kálukú dìde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́rùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kì í ṣe ti àpáta. "O ti pẹ́ jù" yẹn ni.

Nítorí mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti dáyé. Ní Ifẹ̀, àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ fún wa pé a ò bá Ifẹ̀ níbẹ̀, pé nígbà tiwọn adìẹ ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Sunday. Àwa ń pín ìdáná gáàsì kan lẹ́ni mẹ́fà. Mo dé Houston, àǹtí mi tó ti wà níbí láti 1989 gbé mi yípo Richmond nínú mọ́tò, ó ń nàka sí ilé: "Ìgbà tí mo ra tèmi, ẹ ò ní gbàgbọ́ iye tó jẹ́. Oko ìrẹsì ni gbogbo ìhín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ yìí, eegun ló kù fún yín." Kò fi burúkú sọ ọ́. Ó fún mi ní yàrá fún oṣù mẹ́jọ, kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ léraléra, ó máa ń di ara èèyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara mi bí ẹni tó dé òde ìnáwó nígbà tí wọ́n ti ń ká àga. Ìran tèmi, ìran a-dé-bá-àwo-òfìfo.

Nínú oṣù kejì 2024, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wakọ̀ lọ wo ibi tó ti kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì wakọ̀ gba ọ̀nà I-10 láti Houston dé El Paso, ẹ ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Texas. Ó lé ní 700 máìlì, inú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. A fi aago mẹ́rin ìdájí gbéra. A kọjá San Antonio, igi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. A kọjá Fort Stockton, igi tán. Lẹ́yìn Van Horn, aago fóònù wa dédé fà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nítorí ìlà àkókò mìíràn ni ìhà ibẹ̀ wà. Mo fọwọ́ kan ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Ṣé o rí i? A ò tíì pẹ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì la dé ẹnu ọ̀nà Hueco Tanks. Mo ti pe wọ́n lórí fóònù ṣáájú láti gba àyè, nítorí àádọ́rin yẹn ṣì ni wọ́n ń gbà. Wọ́n wo ìwé wa, wọ́n gba owó, wọ́n mú wa jókòó wo fíìmù kúkúrú kan nípa ohun tí a gbọdọ̀ ṣe àti ohun tí a ò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan àwòrán. Ẹ má gun àpáta tí àwòrán wà lára rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ bọ omi inú kòtò. Mo jókòó síbẹ̀, inú ń bí mi díẹ̀díẹ̀. Ó rán mi létí ẹ́ńbásì: gba nọ́ńbà, jókòó, dúró, ṣé o ti kọ orúkọ rẹ síbẹ̀? Mo ní nínú mi pé Bàbá kò parọ́. Ta ló máa rin 700 máìlì torí kí wọ́n lè kà á mọ́ àádọ́rin?

Àfi bí a ṣe jáde síta.

Ẹ gbọ́, omijé ló bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òkúta ńláńlá tó pupa rúsúrúsú, ọ̀kan lórí èkejì, bí ìgbà tí òmìrán kan da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ tó sì gbàgbé láti wá kó o. Láàárín wọn, igi kéékèèké fi ara pamọ́ fún oòrùn. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba inú ihò àpáta bọ̀, ó ní òórùn òkúta tí ìrì sẹ̀ sí lára. Mo mọ òórùn yẹn. Ilẹ̀kùn ilé bàbá mi l'Ódòde Ìdànrè ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Hueco, èdè àwọn ará Spain ni, ihò ló túmọ̀ sí. Ara àpáta náà kún fún kòtò, kékeré àti ńlá. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni èèyàn ń kì ọwọ́ bọ̀ gùn ún. Àwọn tó wà lókè ń gba omi òjò dúró, nínú aṣálẹ̀ tí odò kankan ò sí. Omi yẹn ló ń mú èèyàn wá láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan. Ẹranko omi tíntìntín kan wà nínú àwọn kòtò náà, ó jọ edé, ara rẹ̀ mọ́ gaara. Bí omi bá gbẹ, á kú, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ á wà nínú erùpẹ̀ gbígbẹ, ó lè tó ọdún bíi mélòó kan. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹyin á pa. Ọmọ tó jáde kò mọ̀ pé òun pẹ́. Òjò tó bá lòun náà ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọkùnrin òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan mú wa lọ wo àwòrán. A fà wọ abẹ́ àpáta kan, a ní láti fi ẹ̀yìn sùn kí a tó lè wo òkè. Ojú ló ń wò wá. Ojú-eégún ni mo fẹ́ pè é, nítorí mi ò ní orúkọ mìíràn fún un. Ó lé ní 200 irú rẹ̀ lórí òkè náà: pupa, dúdú, funfun, bí ẹni fi ẹfun àti osùn kùn ún. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Jornada Mogollon ló ya èyí tó pọ̀ jù, kí ọkọ̀ Columbus tó gúnlẹ̀ ní apá ayé yìí. Àwọn Apache àti Kiowa dé lẹ́yìn wọn, wọ́n ya tiwọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń lọ wa góòlù ní California ní 1849 kọjá, wọ́n kọ orúkọ wọn sára òkúta, àwọn mìíràn kọ ọ́ lé àwòrán lórí gan-an. Ní 1858, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin Butterfield tó ń kó lẹ́tà ń dúró mu omi níbẹ̀. Orúkọ lé orúkọ. "Èmi lágbájá, mo débí." Nígbà tó kan àwọn tó ń gun àpáta, pọ́dà funfun ni wọ́n fi sílẹ̀, àti ipa ẹsẹ̀ tó ti tẹ koríko pa.

Ìgbà yẹn ni òfin àádọ́rin yẹn wọ̀ mí létí. Mo ń ṣe é fún àwọn ẹlòmíràn lálaalẹ́! Ní ICU wa, àlejò méjì péré la ń gbà lẹ́bàá ibùsùn. Ẹbí á wá lógún láti Dallas, wọ́n á gbé oúnjẹ, wọ́n á gbé bébà Bíbélì, èmi ni mo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, méjì-méjì." Àwọn kan ti bú mi rí. Kì í ṣe pé a kórìíra ìfẹ́ wọn. Ìfẹ́ náà ló pọ̀ ju ohun tí ara aláìsàn lè gbé lọ. Ohun tí Bàbá rí ní 1998 tó pè ní ikú, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè pè é ní ìtọ́jú.

Mo bi òṣìṣẹ́ náà bóyá àwọn tó ni àwòrán ṣì ń wá. Ó wò mí bí ẹni tó bi í bóyá oòrùn ṣì ń yọ. Àwọn Tigua ti Ysleta del Sur, tí ìlú wọn wà ní El Paso níbẹ̀, ibi mímọ́ wọn ni. Àwọn Mescalero Apache náà, àti àwọn Kiowa. Wọn ò dúró de àwọn tó ń gun àpáta kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, wọn ò sì bá wọn lọ sí Bishop. Nígbà tí Bàbá ń sọ pé ibẹ̀ kún, wọ́n wà. Nígbà tó ní ibẹ̀ kú, wọ́n wà. Lójú wọn, ogún ọdún àwọn onípọ́dà yẹn kò ju ìgbà tí àlejò kan jókòó lórí ẹní, tó jẹun, tó sì dìde.

Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ àpáta yẹn, mo ro ìlú bàbá mi.

Bí ẹ kò bá tíì gun òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Lókè pátápátá, ìlú àtijọ́ wà níbẹ̀: ààfin, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ń gbé nítorí ogun ò lè bá wọn níbẹ̀. Ní 1933 wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ogun ti tán, ọ̀nà ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, kòkó wà nísàlẹ̀. Ìyá bàbá mi wà lára àwọn ọmọdé tó sọ̀kalẹ̀ lọ́dún náà. Ó sọ fún wa pé orí òun ni wọ́n gbé àwo amọ̀ ìyá òun lé, pé òun sọkún ní gbogbo àtẹ̀gùn. Bí àlejò bá wá láti Èkó tó ní, "Áà, ẹ̀yin lẹ fi òkè yìí sílẹ̀," Ìyá Àgbà á ní, "Àwa la sọ̀kalẹ̀. Òkè ò bá wa sọ̀kalẹ̀." Bí ọdún ìbílẹ̀ bá dé, wọ́n ṣì ń gòkè lọ ṣe é.

Bàámi máa ń gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún títí tó fi lé ní àádọ́rin ọdún. Ní Kérésìmesì 2016 ó ní kí n bá òun gùn ún. Mo ti gùn ún rí ní kékeré, lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ò ka. Mo ní, "Bàámi, mò ń kàwé ìdánwò, ẹ jẹ́ ká ṣe é nígbà míràn." Ó ní kò burú. Ó dá lọ. Ó bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó fi okúta wẹ́ẹ́rẹ́ kan lé orí ìwé NCLEX mi, kò sọ nǹkan kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni mo fi òkè sílẹ̀ lọ sí òkè òkun.

Ó kú ní oṣù kejì 2021. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas, ẹ rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí yìnyín bolẹ̀, tí iná lọ káàkiri, tí omi dì sínú páìpù, tí wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú pa. Nítorí kòrónà, ẹbí ní kí a má dá òkú dúró, kí wọ́n sin ín kíákíá. Iná ò sí nílé mi. Inú mọ́tò ni mo ti ń fi iná sí fóònù. Mo ti wà á jáde kúrò nínú gáràjì, nítorí mo ti rí àwọn tí èéfín mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lọ́sẹ̀ yẹn, mo jókòó nínú òtútù, mo wo ìsìnkú bàbá mi lórí WhatsApp. Àwòrán ń dúró, ó ń lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó di fóònù mú ń gbé e káàkiri kí n lè rí gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn gbogbo wọn, mo ń rí òkè. Láti ọjọ́ yẹn, Màámi máa ń bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Mo máa ń sọ pé iṣẹ́, mo máa ń sọ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ padà lọ wò. Ẹni tí mo fẹ́ bá lọ ti lọ. Mo ti pẹ́ jù.

Ọ̀rẹ́ mi ló pè mí dìde. Ó ní a ò wakọ̀ wá síbí láti wá fẹ̀yìn ti òkúta.

A rí àpáta V0 kan, tí kò ní àwòrán, tí wọ́n gbà kí èèyàn gùn. V0! Ìyẹn òdo. Mo ti ń gun V2 nínú ilé ní Houston, mo rò pé màá fi ẹsẹ̀ kan gun ún. Ìgbà mẹ́rin ni mo já bọ́. Nínú ilé, wọ́n á fi àwọ̀ hàn ọ́ ibi tó o máa fọwọ́ sí. Àpáta gidi kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. O máa fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ ni. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ níbi tí oòrùn ti kàn án, ó tutù bí irin nínú ihò. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo kì ọwọ́ ọ̀tún bọ inú kòtò kan, etí rẹ̀ ti dán. Ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló mú un dán bẹ́ẹ̀. Gbogbo èrò 1990 yẹn, àwọn ará Switzerland, Bàbá pẹ̀lú ẹ̀wà inú agolo rẹ̀. Wọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n di mú gba ọwọ́ mi. Mo fà ara mi sókè, mo fi orúnkún gun etí rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, mo dé orí.

Kò ga. Ẹ lè fò ó bí ẹ bá jẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀, mo rí aṣálẹ̀ títí dé ibi tí ojú mọ. Kò sí ariwo. Ọ̀rẹ́ mi ń bọ́ bàtà nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1995 ni, èèyàn mẹ́wàá ni ìbá tò sẹ́yìn mi tí wọ́n ń sọ pé kí n ṣe kíá. Mo jókòó pẹ́.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo fi fọ́tò han Bàbá. Ó ti ní kí n bá òun wo àpáta kan báyìí tó ní igi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí i. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ìka fẹ àwòrán náà tóbi, ó wò ó títí iná fóònù fi kú, ó tún tàn án. Ó ní, "Igi yẹn kò ga ju orúnkún mi lọ nígbà yẹn." Mo ní, "Bàbá, ó ti ga jù yín lọ báyìí." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi mí, bí ẹni tí kò ka nǹkan sí, pé báwo ni wọ́n ṣe ń gba àyè níbẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà wọn fún un. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Èmi náà pe Màámi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe jáde níbi iṣẹ́, nínú mọ́tò, kí n tó wọ ọ̀nà 59. Mo ní mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé oṣù Bélú ni, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Mo ní mo fẹ́ gun òkè. Mo ní mo mọ̀ pé ó ti pẹ́.

Màámi dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn wọn.

Wọ́n ní, "Ó pẹ́ sí kí ni? Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Orúnkún mi ò ní gbà, màá jókòó dè ọ́ nísàlẹ̀. Kó o ṣáà wọ bàtà tó dáa."